Akọ̀wé Tí Kò Fẹ́ Tètè Délé

Gbogbo ilé-iṣẹ́ náà ló gbà pé iṣẹ́ kì í yá lọ́wọ́ Akọ̀wé. Wọn ò pè é ní ọ̀lẹ o, torí ọ̀lẹ kì í jókòó ti iṣẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ìgbín tó ń lọ ná ọjà àná. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá àwọn tó ń kó kúrò nílé kẹ́rù. Oníbàárà á dé, Akọ̀wé á tẹ orúkọ rẹ̀, àdúgbò tó ń gbé àti àdúgbò tó ń kó lọ, sórí ìwé àdéhùn. Á tún tẹ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ sórí ìwé awakọ̀. Á tún tẹ ẹ́ sórí bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpótí ẹrù. Nígbà tí àwọn tó kù bá ti gbé báàgì kọ́ èjìká, òun á ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà, á máa tẹ̀ ẹ́ kọ́, kọ́, kọ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ariwo bàtà rẹ̀ máa ń dé ṣáájú rẹ̀, á mi orí, á ní iṣẹ́ ló máa pa ọmọbìnrin yìí.

Kì í ṣe iṣẹ́ ló fẹ́ pa á.

Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Télọ̀. Iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà wà, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní òpópónà yẹn. Ó máa ń tẹríba kí àgbà, ó máa ń bá opó rán aṣọ iléèwé ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ṣùgbọ́n bó bá ti fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, kó tó jáde lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, àkókò kan wà láàárín méjèèjì. Nínú àkókò yẹn, ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ lọ́sàn-án á di ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀yìn èèyàn. Ó lè jẹ́ torí omi tí kò gbóná tó. Ó lè jẹ́ torí pé ìyàwó rẹ̀ dá oníbàárà kan lóhùn jù. Ó lè máà nídìí rárá. Bó bá ṣe tán, á wẹ̀, á para, á jáde, á sì máa kí àwọn aládùúgbò lọ bí ẹni tí ayé ń yẹ.

Bí Akọ̀wé bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ìgbà tí ìjà ti parí ló máa ń délé. Á bá ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, á bá ìyá rẹ̀ tó kọjú sí ògiri tó ní eyín ló ń dun òun. Ó mọ̀ pé òun ń sá. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ sá. Òun ń fi ìjókòó sá. Ó sì mọ ẹni tí òun fi sílẹ̀ sọ́wọ́ ìyà, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kì í fi í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣókùnkùn lójijì bí ojú ẹni tó dákú. Ọ̀gá ní kí wọ́n pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì. Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ga, ó tín-ín-rín, irin tó fi ń tú ẹ̀rọ kún àpò ẹ̀wù rẹ̀ bíi bírò àpò tísà. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó pààrọ̀ wáyà kan, ẹ̀rọ náà sì tàn. Ó wá ní kí Akọ̀wé tẹ iṣẹ́ díẹ̀ kí òun wò ó. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wò, ó wò, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé oníbàárà yìí ń kó lọ sí ilé mẹ́ta ni?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Akọ̀wé kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti bọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rù ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á.

Ẹlẹ́rọ fa àga tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ mọ́ láyé. Kó fi máòsì fà á dúdú, kó di bọ́tìnnì Kọntirọ́ọ̀lù mú, kó tẹ C, ẹ̀rọ á ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kó lọ síbi tó fẹ́, kó di Kọntirọ́ọ̀lù mú, kó tẹ V, ọ̀rọ̀ náà á já síbẹ̀. Ó ní ìwé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í yí padà, kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kó fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, kó tọ́jú rẹ̀ bí ìyá ìwé. Oníbàárà tó bá dé, kó bí ọmọ kan fún un láti ara ìyá náà. Ó ní bó bá ń wá orúkọ ẹnì kan láàárín ọ̀pọ̀, kò gbọdọ̀ máa fi ojú tọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa iná lórí. Kọntirọ́ọ̀lù àti F ni, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á lọ wá a. Akọ̀wé ti rò látọjọ́ yìí pé ọ̀ṣọ́ lásán ni bọ́tìnnì Kọntirọ́ọ̀lù yẹn.

Wọn ò mọ̀ pé Ọ̀gá ti bọ́ bàtà, ó ti yọ́ dúró lẹ́yìn wọn, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ Akọ̀wé ti parí nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Inú Ọ̀gá dùn dé ibi pé ó fúnra rẹ̀ gbé báàgì Akọ̀wé kọ́ ọ léjìká. Ó ní kó máa lọ sílé lọ sinmi, kò sí ohun tó tún kù.

Akọ̀wé rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ikú. Ó yí kọ́nà kan, ó dúró, ó tún rìn. Nígbà tó wọlé, Télọ̀ ti fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé. Ìyá rẹ̀ wà ní ìkúnlẹ̀ nídìí àga, bàbá rẹ̀ sì di irun rẹ̀ mú, ó ń fi ọwọ́ kejì na ọ̀pá náà sí i léjìká, lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ẹni tó ń gbọn eruku lára aṣọ. Kò pariwo. Ìyá náà ò pariwo. Ìdákẹ́ yẹn ló burú jù. Akọ̀wé ju báàgì sílẹ̀, ó kó sáàárín wọn. Ọ̀pá bà á létí, gbogbo ayé hó yìì lórí rẹ̀. Èkejì bà á lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹran ibẹ̀ là. Télọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ tó kán sílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló tètè gbé e délé lónìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló rán ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé àdúgbò kan náà. Ó rán an nínú kíṣìnnì rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rán ti ìyàwó àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí Ẹlẹ́rọ yà wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe sí, ó bá Akọ̀wé tó ń tẹ orúkọ oníbàárà, tó tún ń tẹ̀ ẹ́, tó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó wá rí báńdéèjì. Ó bi í pé ṣé ó ti gbàgbé ohun tí àwọn kọ́ ni.

Akọ̀wé ò gbójú sókè. Ó ní, “Mi ò gbàgbé. Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ sílé ní àkókò tí mi ò gbọdọ̀ délé.”

Ẹlẹ́rọ jókòó sórí àpótí ẹrù kan. Ó ní ta ló sọ fún un pé àkókò tó bá jèrè, ti Ọ̀gá tàbí ti ilé ni. Tirẹ̀ ni. Kó yára ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kó sì máa jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù òun títí àkókò burúkú náà á fi kọjá. Òun ò ní bi í ní ìbéèrè kankan.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Akọ̀wé á parí iṣẹ́, á sọdá títì, á jókòó sáàárín àwọn kọ̀ǹpútà tí ikùn wọn wà ní gbangba. Ẹlẹ́rọ á máa fi irin gbígbóná jó wáyà pọ̀, á máa sọ ìtàn àwọn oníbàárà rẹ̀: ọkùnrin tó da tíì sórí kíbọ́ọ̀dù tó ní òjò ló rọ̀ sí i, obìnrin tó ń gbàdúrà lé ẹ̀rọ lórí nígbà tí wáyà iná ò sí lára ògiri. Kò pẹ́ tí “ẹ” fi di “o” láàárín wọn. Ìgbà òjò lọ, ọyẹ́ dé. Akọ̀wé wá rí i pé òun kì í wo títì mọ́ bóyá ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ń bẹ̀rù kí ilẹ̀ má lọ tètè ṣú ni.

Ìgbà tí Ẹlẹ́rọ sọ fún un pé òun fẹ́ kó di ìyàwó òun, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí kò bá wá, òun máa ń tú nǹkan tí kò bàjẹ́. Ara Akọ̀wé yá gágá, ó sì tún tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló sọ fún ìyá òun pé ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín níṣọ́ọ̀bù á máa fi ọ̀pá nà án? Ṣebí òun náà rí ẹ̀rín ló fi tẹ̀ lé e.

Ó bi í pé, “Tínú bá bí ọ gan-an, kí lo máa ń ṣe?”

Ẹlẹ́rọ rò ó. Ó ní òun máa ń dákẹ́ ni.

Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ Akọ̀wé lọ́rùn, torí bàbá rẹ̀ náà máa ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọ inú ẹran ara, ó ti di ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iyèméjì mọ́lẹ̀. Ó gbà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe alárinà. Ó lọ wádìí ìdílé Ẹlẹ́rọ, ó ní wọn ò burú, wọ́n kàn lẹ́nu púpọ̀ ni. Ó wá lọ bá àbúrò rẹ̀. Télọ̀ gbọ́ ọ délẹ̀, ó fún un lómi mu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò lè fi ọmọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. “Ẹni tó bá ń tú ohun olóhun wò,” ó ní, “á tú ilé mi náà wò.” Bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ṣe yí ẹ̀yìn padà ni Télọ̀ yí sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní obìnrin náà ló ń fi ẹnu kó àṣírí ilé lọ síta. Ẹ̀ṣẹ́ ló lò lọ́jọ́ yẹn, kò dúró mú ọ̀pá. Eyín iwájú obìnrin náà méjì fò dànù, ó sì ń fi ahọ́n wá wọn kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù sínú òkùnkùn.

Àǹtí ò jáwọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bẹ̀. Lójijì, Télọ̀ yí ohùn padà. Ó ní kí ọmọkùnrin náà máa bọ̀ kí òun fojú rí i. Ọkàn Akọ̀wé ò balẹ̀ sí i. Ó mú Ẹlẹ́rọ búra pé ohunkóhun tó bá rí nínú ilé yẹn, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹlẹ́rọ búra.

Wọ́n lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé. Télọ̀ ń gé aṣọ lọ́wọ́. Áyọ́ọ̀nù wà lórí tábìlì, ó ṣì gbóná. Ó fà wọ́n ní àga, ó bi wọ́n léèrè iṣẹ́ àti ilé, ó ní kí Ẹlẹ́rọ gbé ọwọ́ sórí tábìlì kí òun rí ìka rẹ̀, ó ní ìka oníṣẹ́ ọwọ́ dáa lójú òun. Awakọ̀ ń sọ ohun tí wọ́n bá wá bí àgbà ṣe ń sọ ọ́, Akọ̀wé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń fi orí gbe ọ̀rọ̀. Télọ̀ wá béèrè pé kí ni ọmọkùnrin yìí fẹ́ ṣe fún ọmọ òun tí òun tí òun bí i ò tíì ṣe.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá Akọ̀wé gbé omi wọlé. Ó rẹ́rìn-ín kí àlejò, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rọ ti rí àlàfo náà. Ó rí ètè tó wú. Ó gbàgbé ìbúra.

Ó ní, “Mi ò ní lù ú.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Télọ̀ mi orí bí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó gbé àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ sókè, ó sì gún un wọ ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún Ẹlẹ́rọ dé inú pákó tábìlì.

Kò sẹ́ni tó mọ bí Ẹlẹ́rọ ṣe fa ọwọ́ náà yọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun tí Télọ̀ ń gé, ọwọ́ òsì Ẹlẹ́rọ sì ti wà lára áyọ́ọ̀nù. Ó fi gbá a létí àgbọ̀n. Egungun ró gbàù. Télọ̀ wó lulẹ̀ tàga tàga, kò sì lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó. Ẹlẹ́rọ kúnlẹ̀ lé e láyà, ó gbé irin náà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Òórùn awọ tó ń jó gba inú ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé fò mọ́ ọn lẹ́yìn, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń pè é. Ẹlẹ́rọ yíjú padà, ó sì fi ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tì í. Orí Akọ̀wé lọ ba irin ẹsẹ̀ maṣíìnì.

Níbi tó wà nílẹ̀, ó rí ojú Ẹlẹ́rọ. Ó mọ ojú yẹn. Inú ilé yìí ló ti ń rí i láti kékeré.

Awakọ̀ àti àwọn aládùúgbò ló fà á kúrò. Wọ́n gbé Télọ̀ lọ sí ọsibítù, dókítà fi wáyà di àgbọ̀n rẹ̀ pa. Ọlọ́pàá mú Ẹlẹ́rọ. Gbogbo òpópónà ń gbé Ẹlẹ́rọ ṣépè pé ó lu ọkùnrin tí kì í bá eṣinṣin jà, tó ń rán aṣọ opó! Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó wọ bàtà, ó lọ sí tẹ́ṣàn, ó jókòó síwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì ka gbogbo ojú ọgbẹ́ tó ti rán lára ìyàwó àbúrò rẹ̀ fún un, láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà á rò pé òkú ló ń ṣàpèjúwe. Wọ́n tú Ẹlẹ́rọ sílẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ iwájú ilé náà mọ́.

Ó rán Àǹtí sí Akọ̀wé. Akọ̀wé kọ̀ láti rí i. Ó ní Ẹlẹ́rọ ti òun.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, “Inú ìjà ni. Kò mọ̀ pé ìwọ ni.”

Akọ̀wé ní, “Ohun tí ìyá mi sọ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n nà án nìyẹn.”

Àǹtí dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀ tí eruku kankan ò sí lára rẹ̀, ó lọ.

Ìyà tó wà nínú kéèyàn fẹ́ràn ẹni tó ń bẹ̀rù ò ṣeé fi ẹnu sọ. Akọ̀wé á jókòó síbi iṣẹ́, etí rẹ̀ á wà lódìkejì títì. Ọjọ́ mìíràn, á gbọ́ ẹ̀rín àwọn oníbàárà níbẹ̀, inú á bí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Á sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá òun ló kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Á tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé ẹni tó ṣubú ti ṣubú, kí ni wọ́n ń lù lára rẹ̀?

Nílé, ìyá rẹ̀ ń fi síbí rọ omi ẹran sẹ́nu Télọ̀ láàárín wáyà. Télọ̀ ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ka ọjọ́. Akọ̀wé rí i, ó sì yé e pé ọjọ́ tí wáyà bá kúrò, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn eyín yẹn á bọ́ sórí obìnrin kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ló ti kúrò nínú àwọn tó ń sá. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó rò ó bí Ẹlẹ́rọ ṣe kọ́ ọ láti máa rò. Ó tò ó títí tó fi jẹ́ pé bó bá tẹ orúkọ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ gbé e sórí gbogbo ìwé tó kù. Lẹ́tà tí wọ́n máa ń kọ lójoojúmọ́, ó fi lẹ́tà méjì ṣe àmì rẹ̀. Bó bá tẹ méjèèjì, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á tú jáde. Kò sí ẹni tó ń kúrò níbi iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ mọ́. Á ti wà nílé kí Télọ̀ tó fa ilẹ̀kùn dé, á sì jókòó sáàárín yàrá, á kàn jókòó. Àkókò tó ṣẹ́kù, ó fi wá yàrá méjì sí apá kejì ìlú. Ó sọ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá bi í pé ọjọ́ wo ló fẹ́ lo mọ́tò.

Mọ́tò náà dé ní ìrọ̀lẹ́ tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n tú wáyà ẹnu Télọ̀. Àwọn akẹ́rù gbé àpótí jáde, wọ́n gbé àga ìyá, wọ́n gbé àpótí aṣọ. Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó já sí ìta, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ti wọ́, ohùn rẹ̀ ò rọ̀ mọ́. Ó ní ẹrù lè lọ, obìnrin ò ní lọ. Akọ̀wé rìn síwájú, ọ̀pá náà sì bà á léjìká, ó tún bà á lórí ọwọ́. Nígbà tí Télọ̀ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá ti di orí ọ̀pá náà mú lẹ́yìn.

Obìnrin tí kò gbé ọwọ́ sókè rí nínú ilé yẹn di ọ̀pá mú, kò jù ú sílẹ̀. Télọ̀ fà, ó fà. Wọ́n fara gbá ògiri, wọ́n fara gbá tábìlì, maṣíìnì ṣubú. Ó gé ìyàwó rẹ̀ jẹ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde, obìnrin náà ò jù ú sílẹ̀. Ọ̀pá kán sọ́wọ́ wọn. Télọ̀ ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú apá ọ̀pá tó ṣe ṣóńṣó, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Gbogbo àwọn akẹ́rù dúró síbi tí wọ́n wà. Gbogbo òpópónà ń wò, wọ́n sì rí ohun tí wọn ò fẹ́ rí. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo ṣóńṣó náà. Ó kọjá lára rẹ̀, ó gun mọ́tò.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Akọ̀wé tó sọdá títì. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó bá Ẹlẹ́rọ tó ń fi ọwọ́ òsì tú ẹ̀rọ, ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, wọn ò ṣeé ká mọ́. Oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀, ó ń sọ pé Ẹlẹ́rọ yọ nǹkan nínú kọ̀ǹpútà òun, ó pè é ní olè, ó pe ìyá rẹ̀ ní ohun tí èèyàn ò lè tún sọ, ó sì gbá a létí. Irin ṣóńṣó wà lọ́wọ́ Ẹlẹ́rọ. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ rí i fúnra rẹ̀.

Ojú yẹn fẹ́ wá, Akọ̀wé rí i tó ń bọ̀. Ẹlẹ́rọ gbé irin náà sílẹ̀, ó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó fi oníbàárà àti gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, ó sì ń rìn lọ. Akọ̀wé bá a létí pápá ìṣeré kan, níbi tó jókòó sí.

Ó bi í pé ṣé ó rántí pé ó ti òun.

Ẹlẹ́rọ ní, “Mo rántí. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé ìwọ ni. Mo mọ̀. O ń dí mi lọ́wọ́ ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó dùn mọ́ mi, bí mo ṣe ń lù ú. Ìyẹn ni mi ò fi wá bẹ̀ ọ́ fúnra mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣèlérí.”

Bó bá sọ pé kò rántí, Akọ̀wé ì bá ti lọ. Bó bá sunkún bẹ̀ ẹ́, ì bá ti lọ. Bàbá rẹ̀ máa ń sunkún dáadáa. Akọ̀wé jókòó sórí koríko, kò sún mọ́ ọn, kò sì jìnnà. Ó ní òun náà ò lè ṣèlérí. Ó ní bí ọwọ́ rẹ̀ bá tún kan òun lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní dúró gbọ́ ìdí rẹ̀. Ó ní ìyá òun á máa bá àwọn gbé, yàrá rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ẹlẹ́rọ ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ara wọn, níwájú ìwọ̀nba èèyàn. Télọ̀ ò wá, kò sì sẹ́ni tó pè é.

Akọ̀wé ti di ẹni tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń pè láti wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe lè yára. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ti fi gbogbo ọjọ́ to ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́ wọn. Ó lọ bu omi mu. Ẹlẹ́rọ fẹ́ wo nǹkan díẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà náà láìmọ̀ pé Akọ̀wé ò tíì tọ́jú iṣẹ́ náà sínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ní ṣé ọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ló ṣe irú èyí. Ẹlẹ́rọ ní ta ló ń fi iṣẹ́ odindi ọjọ́ sílẹ̀ láì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, ohùn gba orí ohùn.

Nínú yàrá kejì, ìyá gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń dúró de ìró tó mọ̀. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin tó lọ sókè. Ó wá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó gun orí tìyẹn, tó ń pariwo, tó ń pe ọkọ rẹ̀ ní aláìnírònú, tó tún ń bọ̀, tí kò dẹ ohùn, tí kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ìró kankan ò tẹ̀ lé e. Ó dúró títí. Ariwo nìkan ni.

Ó ju ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó padà sórí àga, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.